Ìbọn wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ skeet kọ́kọ́ rà l'Ékòó?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́ fún skeet, eré tí a ti ń yìnbọn fọ́ àwo amọ̀ tí ẹ̀rọ ń jù sókè. Ìbọn ẹgbẹ́ ti sú mi: kí èèyàn tó dé pápá, ẹlòmíì ti gbé èyí tó bá ara ẹni mu. Ẹni mẹ́ta ni mo bi, ìdáhùn mẹ́ta ni mo gbà. Ọ̀kan ní kí n ra pọ́ǹpù, èyí tí a ń fọwọ́ fà sẹ́yìn kí ọta tuntun lè wọlé, pé kì í bàjẹ́. Èkejì ní ọ̀tọ́mátíìkì ni, torí kì í gbá èèyàn léjìká. Ẹ̀kẹta ní bí kò bá ti jẹ́ Beretta tàbí Browning, kí n má wulẹ̀ náwó. Mo ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 5, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò. Ìyàwó mi náà fẹ́ máa yìn ín. Èwo ni kí n rà? Ẹ má kàn sọ fún mi pé "bí owó ẹ bá ṣe mọ" o.

———

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Àbúrò, òfin ti bá ẹ yanjú ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti ọdún 1959, tò ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta: èyí tó jẹ́ èèwọ̀, èyí tí ará ìlú lè gba ìwé àṣẹ fún, àti àwọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu bíi ṣakabùlà. Ìbọn ọlọ́dẹ tó ń jẹ kátíríìjì wà nínú ìsọ̀rí kejì. Ṣùgbọ́n òfin yọ ọ̀tọ́mátíìkì kúrò níbẹ̀, ó yọ èyí tó ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, ó sì yọ èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta tuntun wọlé. Pọ́ǹpù àti ọ̀tọ́mátíìkì ti bọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Ohun tó kù ni ìbọn tó ń ṣẹ́ láàárín, tí a ń fọwọ́ ki: olójú kan (ọ̀pá kan) tàbí olójú méjì (ọ̀pá méjì). Olójú kan kò lè tó skeet, torí pé ní ibùdó 1, 2, 6 àti 7 (ibùdó ni ibi tí ẹni tó ń yìnbọn ń dúró sí), àwo méjì ló ń jáde pọ̀.

Ìwé ló ń ṣáájú ìbọn, má ra ìbọn kí o tó máa wá ìwé kiri. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún 5 sẹ́yìn. Orúkọ tó wà lórí ìwé nìkan ni ìwé mọ̀. Ìyàwó ẹ gbọ́dọ̀ lọ béèrè ti ara ẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kó tó fọwọ́ kan ìbọn ẹ.

———

Ará Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù kún ọwọ́ àwọn fijilánté káàkiri àdúgbò. Kí lẹ wá ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ sí?

———

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Pé ẹnì kan gbé e kiri kò sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà. Bí ọlọ́pàá bá dá àbúrò wa yìí dúró lórí afárá, òun ló máa sọ tẹnu ẹ̀, fijilánté kò ní sí níbẹ̀.

Ká tiẹ̀ gbé òfin tì. Pọ́ǹpù kò bá àwo méjì lọ. Lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì tó yẹ kó máa darí ẹnu ìbọn lọ sọ́dọ̀ àwo kejì ni o tún fẹ́ fi fà á sẹ́yìn kí o sì tì í padà. Ẹnu ìbọn á jáde kúrò ní ojú ọ̀nà àwo, wàá tún máa wá a. Ti ọ̀tọ́mátíìkì, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: èyí tó ń fi éèfín ìbọn ṣiṣẹ́ ń dín gbígbá kù lóòótọ́, ó sì dára fún akọ́ṣẹ́ níbi tí òfin bá ti gbà á. Èkó ni à ń sọ níbí.

———

Ará Sùúrùlérè

Ó dáa, mo gbà. Kí ó wá ra olójú méjì àwọn ọlọ́dẹ, èyí tí ọ̀pá méjèèjì sùn ti ara wọn. Ó wà lọ́jà, kò wọ́n. Kí ló fẹ́ fi ófà-ọ́ńdà olówó ńlá, tí ọ̀pá kan wà lórí èkejì, ṣe?

———

Atamátàsé

O ò jẹ̀bi. Olójú méjì tó sùn ti ara wọn ń fọ́ àwo, ó ti ń fọ́ ọ kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Ibi tó ti máa dá akọ́ṣẹ́ láàmú ni ṣóòkù, ìyẹn bí wọ́n ṣe fún ẹnu ìbọn tó.

Ẹran tó wà lókèèrè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ìbọn ọlọ́dẹ. Ojú kan sábà máa ń jẹ́ ìdajì ṣóòkù, èkejì á jẹ́ fúúlù. Fúúlù dín ẹnu kù tó bíi mìlímítà 1 sí inú ọ̀pá. Ti skeet kò ju nǹkan bíi 0.13 mìlímítà lọ, ojú lásán kò lè rí i. Ní nǹkan bíi 20 mítà, níbi tí ọ̀pọ̀ àwo skeet ti ń fọ́, fúúlù á kó ọta rẹ̀ sínú òbírí tí kò fẹ̀ ju bíi 40 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹnu tí wọn kò fún rárá á tú u ká tó bíi 80. Àwo fúnra rẹ̀ jẹ́ 11 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tó bá fúúlù lọ, á tàsé títí tí á fi rò pé ojú òun ló ń dùn òun.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa sọ: kí wọ́n gé ẹnu ìbọn náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ayùn kan ìbọn. Wàhálà òfin wà níbẹ̀, ojú méjèèjì tí wọ́n sì ti tò kí ọta wọn lè pàdé níbì kan náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í yà síra. Ẹni tó ní àṣẹ àtúnṣe ìbọn lè fẹ inú ẹnu rẹ̀ láì gé e kúrú. Bí ófà-ọ́ńdà bá ní ṣóòkù tó ń ṣí tó ń dè, wàhálà yìí kò sí: fi ti skeet sójú méjèèjì kí o gbàgbé ìyókù sínú àpótí. Ṣùgbọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì le lẹ́yìn gbogbo àwo 25. Èyí tó bá tú díẹ̀, éèfín á wọ abẹ́ rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọ̀pá pátápátá, nígbà míì á wú ẹnu ìbọn.

Ohun kejì ni tírígà. Ìbọn ọlọ́dẹ tó ní tírígà méjì fẹ́ kí ọwọ́ ẹ sún sẹ́yìn lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́. Èèyàn lè kọ́ ọ mọ́ra, kò burú. Ìwọ̀n rẹ̀ ni ìṣòro: púpọ̀ nínú wọn kò wúwo tó kílò 3, torí ẹni tó ń rìn nínú igbó ni wọ́n ṣe é fún. Kátíríìjì 100 láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí èjìká á sọ tinú ẹ̀ fún un.

———

Ìyá Ìkòyí

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ irin, ẹ ò tíì kan igi. Ìbọn yìí kò ní ohun tí a ń fi wòran lẹ́yìn bíi ti ráífù. Ojú ẹni tó ń yìn ín ni ó dípò rẹ̀, igi tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ló sì ń gbé ojú náà síbi tó yẹ. Bí igi kò bá bá ọ mu, Beretta kì í ṣe oògùn.

Ọmọ mi, kí o tó sanwó, ṣe báyìí. Ṣí ìbọn náà, wo inú ọ̀pá méjèèjì, fi ìka kàn án pé kò sí nǹkan nínú wọn. Tẹjú mọ́ igun àjà kan tí kò sí èèyàn lápá ibẹ̀. Di ojú méjèèjì. Gbé ìbọn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà sí èjìká. Má gbé e sí èjìká kí o wá máa fi orí wá a. La ojú. Bí o bá rí ẹ̀yìn ìbọn àti kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí i nìkan, tí o kò rí ilẹ̀kẹ̀ iwájú (ẹyọ kékeré tó wà lórí ẹnu ọ̀pá), igi náà lọ sílẹ̀ jù fún ọ, ọta rẹ á máa gba ìsàlẹ̀ àwo. Bí o bá rí orí ọ̀pá láti ẹ̀yìn dé iwájú bí ọ̀nà tó ń gùn òkè, igi ga jù, ọta á gba òkè. Díẹ̀ ni kí o rí, tí ilẹ̀kẹ̀ jókòó sí àárín rẹ̀ gan-an. Bí ó bá yà sápá kan, títẹ̀ igi ni kò bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mu. Ìgbà kan kò tó. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, torí ara á máa wá ọ̀nà láti bá ìbọn mu.

Gígùn ńkọ́? Wọ́n á ní kí o gbé ìdí ìbọn sí ìgbọ̀nwọ́, kí o wò bóyá ìka dé tírígà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, apá nìkan ló ń wọ̀n, kò mọ ọrùn, kò mọ àyà. Gbé ìbọn dáadáa, kí o wo àlàfo tó wà láàárín imú àti àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún: ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò á máa gbá imú. Láti tírígà dé ìdí, ilé iṣẹ́ sábà máa ń ṣe é ní nǹkan bíi 37 sẹ̀ǹtímítà. Ìwọ tí o ga tó 5 àti 5, ó ṣeé ṣe kí 35 tàbí 36 tẹ́ ọ lọ́rùn, ìyàwó rẹ tún lè dín sí i. Lára obìnrin, igun ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn sábà máa ń gún àyà. Kí wọ́n yí igun yẹn síta díẹ̀.

Ohun tó rọrùn jù fún ẹni méjì ni kí ìbọn kúrú fún ẹni tó kúrú jù, kí a wá ní rọ́bà ìdí tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́, kí a máa pààrọ̀ wọn. Fífi kún un rọrùn. Igi tí káfíńtà bá ti gé, ó gé e nìyẹn. Síbẹ̀, mo ti rí ìdí ìbọn tí wọ́n fi ayùn gé wọ́ọ́rọ́wọ́ tó dà bí ẹsẹ̀ àga.

Ojú tó lágbára jù náà tún wà níbẹ̀. Fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, na apá, fi ojú méjèèjì wo bọ́tìnnì iná nínú ihò náà. Di ojú òsì. Bí bọ́tìnnì náà bá kúrò, ojú òsì ló ń darí, bẹ́ẹ̀ èjìká ọ̀tún lo fẹ́ lò. Lẹ téèpù kékeré mọ́ gíláàsì òsì awò ojú, níbi tí ilẹ̀kẹ̀ iwájú wà gẹ́lẹ́, kò gbọdọ̀ ju owó ẹyọ kan lọ.

———

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo dúpẹ́, Mà. Wọ́n sọ fún mi pé kí n ra ìbọn 20, tí ihò ọ̀pá rẹ̀ kéré ju ti 12 lọ, fún ìyàwó mi, pé òun ni kì í gbáni.

———

Atamátàsé

Irọ́ nìyẹn. Gbígbá kì í ti ihò ọ̀pá wá. Ìwọ̀n ọta tó jáde, bó ṣe yára tó, àti ìwọ̀n ìbọn tó gbà á ló ń pinnu rẹ̀. Mú 12 tó wúwo tó kílò 3.5, fi kátíríìjì gíráàmù 28 sí i. Mú 20 kékeré tó jẹ́ kílò 2.7, fi gíráàmù 24 péré sí i, kí ìyára wọn dọ́gba. Èyí tó ń ta èjìká kò yàtọ̀ síra tó nǹkan. Bí o bá sì fi gíráàmù 24 kan náà sínú 12 tó wúwo yẹn, ó máa rọ̀ ju 20 lọ dáadáa. 12 tó wúwo pẹ̀lú gíráàmù 24 ni kí tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, gíráàmù 24 yẹn náà sì ni wọ́n ń lò ní Olíḿpíìkì.

———

Ará Sùúrùlérè

Kílò 3.5 lọ́wọ́ obìnrin tí kò tíì gbé ìbọn rí? Ní àwo kẹẹ̀ẹ́dógún, apá á ti máa gbọ̀n, ẹnu ìbọn á máa lọ sílẹ̀. Àárẹ̀ náà ń fa àṣìta ju gbígbá lọ.

———

Atamátàsé

Ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kílò 3.2 nígbà náà, kí wọ́n sì máa ṣí ìbọn gbé e sí apá láàárín ibùdó, kì í ṣe kí wọ́n máa gbé e nà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí 20 àti 12 bá máa wà nínú ilé kan náà, ẹ má jẹ́ kí kátíríìjì wọn pàdé nínú àpò kan. Kátíríìjì 20 kéré, ó máa ń yọ̀ wọ ọ̀pá 12, á lọ há sí iwájú. Ẹni náà á wo ẹ̀yìn ìbọn, á rí i pé òfo ni, á ki 12 sí i. Nígbà tó bá tẹ tírígà, ọ̀pá á bẹ́ mọ́ ọwọ́ òsì. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń kun 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

———

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Ẹ ti fi gígùn ọ̀pá sílẹ̀. Ínǹṣì 28 tàbí 30, mejèèjì dára. Àwo ń sá lọ ní bíi mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọta á lo bíi 0.06 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ní àárín pápá, ó yẹ kí ẹnu ìbọn ṣáájú àwo tó mítà kan, kí ó sì máa lọ lẹ́yìn tí o bá ti tẹ tírígà. Ọ̀pá tó gùn díẹ̀ kì í tètè dúró lójú ọ̀nà. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì 26 yára bẹ̀rẹ̀, ó sì tún yára dúró, akọ́ṣẹ́ a sì máa dá a dúró. Ìwọ tí o kò ga, 28.

———

Ará Sùúrùlérè

Kí ló tiẹ̀ fà á tí pápá skeet fi jẹ́ ìdajì òbírí?

———

Atamátàsé

Adìyẹ ni. Ní Andover, Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1920, òbírí odindi ni wọ́n ń yìn yí ká, bí ojú aago. Aládùúgbò kan wá bẹ̀rẹ̀ oko adìyẹ, ọta ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n bá gé òbírí náà sí méjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ kejì sí òdìkejì kí àwo lè máa wá láti ọ̀tún àti òsì. Ilé ẹ̀rọ gíga wà lápá òsì, ilé ẹ̀rọ kúkúrú lápá ọ̀tún, ibùdó méje wà lórí ìlà òbírí náà, ìkẹjọ láàárín. Torí ìyẹn ni àwo fi ń kọjá nítòsí, tí a kò fi nílò fúúlù.

———

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Bí n bá rí àlòkù ńkọ́? Kí ni kí n wò?

———

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Àlòkù tó dára sàn ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ. Lẹ́yìn tí o bá ti rí i pé òfo ni, yọ igi iwájú kúrò, ti ìbọn pa, di ìdí rẹ̀ mú, mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ọ̀pá bá ń gbọ̀n tàbí tó ń ró kẹ̀kẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹ́ ti jẹ. Wo kọ́kọ́rọ́ orí rẹ̀: lára tuntun, ó máa ń dúró díẹ̀ sápá ọ̀tún. Bí ó bá ti wá sí àárín, ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀; bí ó bá ti kọjá sí òsì, fi í sílẹ̀.

Tú ọ̀pá kúrò, gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀ fìtílà, wò ó láti ẹ̀yìn. Òbírí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí po láìsí ìkọsẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀, òbírí náà á já. Ààmì dúdú kékeré bí ìdọ̀tí ata, tí aṣọ kò nù kúrò, ìpẹtà tó ti jẹ irin ni. Wo ibi tí igi ìdí ti wọnú irin bóyá ó là. Bí ihò orí síkúrù rẹ̀ bá ti jẹ yánnayànna, ẹni tí kò ní irinṣẹ́ ti tú u rí.

Ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá. 70 tàbí 76 ni kí o rí, ìyẹn gígùn kátíríìjì tó gbà ní mìlímítà. Ìbọn àtijọ́ wà tó jẹ́ 65. Kátíríìjì 70 á wọ inú 65 wẹ́rẹ́ láì tíì yìn ín, torí gígùn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni ti ìgbà tó bá ti là. Nígbà tó bá là, ẹnu rẹ̀ á wọ ibi tóóró, agbára inú ọ̀pá á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Tírígà kan ṣoṣo pín sí méjì. Ọ̀kan ń dúró de gbígbá ìró àkọ́kọ́ kí ó tó sún sí ojú kejì. Bí kátíríìjì àkọ́kọ́ kò bá ró, ìkejì kò ní ṣiṣẹ́. Oríṣi kejì kò bìkítà. Fi kátíríìjì òfo tí wọ́n ń fi dánwò sí i, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tún tẹ̀ ẹ́: bí ojú kejì kò bá ṣiṣẹ́ àfi ìgbà tí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ lu ìdí rẹ̀, oríṣi àkọ́kọ́ ni. Kí o mọ èwo lo ń rà.

———

Ìyá Ìkòyí

Ìbọn á tètè pẹtà l'Érékùṣù. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti òkun kò mọ ìbọn olówó. Àpótí oníkànrìnkàn tí wọ́n fi gbé e wá, ìrìnàjò nìkan ni kí ẹ fi ṣe. Kànrìnkàn ń mú omi mọ́ irin. Ibi ìpamọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ó dúró sí, kátíríìjì sí ibòmíì, kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọdé mọ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde látinú ọkọ̀ tó tutù sínú oòrùn, omi á sun sára rẹ̀ bíi ti ike omi tútù. Ẹ ṣí i, ẹ jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́, kí ẹ nù ún kí ẹ tó ti í.

———

Ará Sùúrùlérè

Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe é. Kò wọ́n, ó wà níbi gbogbo.

———

Àgbà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta

Fún ara ọ̀pá, ó ṣe é, bí o bá ń tún un fi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ó tètè ń gbẹ. Ẹ̀ńjìnnì ọ́ìlì ni mi ò fẹ́ gbọ́: ó ń kó iyanrìn, iyanrìn sì ń lọ ibi tó ti ń ṣẹ́ bí ayùn. Gíríìsì kékeré bíi ìdajì ẹ̀wà kan ni kí o fi síbẹ̀, kí o nù ún kúrò kí o fi tuntun lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ pápá. Lílo ọ́ìlì púpọ̀ ń ba igi jẹ́: bí ìbọn bá dúró ní ìdí sísàlẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn lọ sínú igi tó wà lẹ́yìn irin, á sọ ọ́ di rírọ̀. Gbé e dúró lórí ẹnu tàbí kó dùbúlẹ̀.

———

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣeun gan-an. Ti Beretta àti Browning ńkọ́? Ẹ ò dáhùn ìyẹn.

———

Atamátàsé

Beretta 686 àti Browning Citori jẹ́ ìbọn tó ń pẹ́, ẹ̀yà ara wọn sì ṣeé rí rà. Ìyẹn ni iyì wọn. Owó tí wọ́n ń gbà fún òdòdó tí wọ́n fín sára irin kò fọ́ àwo kankan. Ìpele tó kéré jù nínú wọn, tí igi rẹ̀ bá ọ mu, tó bá ìwé rẹ mu. Bí ti Tọ́kì bá bá ọ mu jù wọ́n lọ, ra ti Tọ́kì, kí o mọ ẹni tó máa tún un ṣe kí o tó sanwó.

Kí owó tó kù lọ sínú kátíríìjì. Eré skeet kan, àwo 25. Eré mẹ́rin lọ́jọ́ kan, 100. Ra páálí kan péré lára oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo wọn gíráàmù 24, ọta nọ́ńbà 9, tí ó jẹ́ bíi mìlímítà 2. Nǹkan bí 500 ọta ló wà nínú kátíríìjì kọ̀ọ̀kan. Na bébà ńlá ní mítà 20 ní pápá, sàmì sí àárín, yin kátíríìjì kan sí i, pààrọ̀ bébà, yin òmíràn, ó kéré tán márùn-ún fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Wo méjì: bóyá àárín ọta wà lórí àmì, àti bóyá àlàfo wà tí àwo lè gbà kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ sókè tàbí sápá kan, padà sí ìdánwò igi tí Ìyá Ìkòyí kọ kí o tó dá kátíríìjì lẹ́bi. Oríṣi tó bá tẹ́jú jù ni kí o wá ra pọ̀, kí o béèrè pé kí gbogbo páálí jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣe é kan náà, kí o sì ṣí ọ̀kan wò ṣáájú: irin ìdí kátíríìjì tó bá ti pẹtà ní ilé ìtajà kì í fẹ́ jáde nínú ọ̀pá.